Adójútòfò Tara-Ẹni: Bí Ìdààmú Owó Ṣe Ń Wọlé Tọ̀ Ọ́, Bí A Ṣe Ń Dènà Rẹ̀ àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Adójútòfò tara-ẹni ni ilé-iṣẹ́ ìdójútòfò tí ilé-iṣẹ́ mìíràn, tàbí ẹgbẹ́ oníṣòwò kan, dá sílẹ̀ kó lè máa gbé ewu ẹni tó dá a sílẹ̀. Captive ni wọ́n ń pè é lágbo òwò. Kì í polówó ara rẹ̀ fún ará ọjà, torí pé ẹni tó ni ín náà ni oníbàárà rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń san owó gọbọi lọ́dọọdún fún àwọn adójútòfò ìta, tí òfò rẹ̀ kò sì pọ̀, lè rò ó pé kí owó náà kúkú máa wọ àpò ọmọ òun. Bí ọdún bá tutù, èrè kù sílé. Bí iná bá jó ilé ìkẹ́rùsí tàbí tí tírélà bá dojú dé, ọmọ yìí ni yóò san owó gbà-máà-bínú. Kì í sì í sábà dá gbogbo ẹrù náà rù. Ó máa ń ta apá tó wúwo jù nínú ewu rẹ̀ fún adójútòfò àgbà, ìyẹn irú ilé-iṣẹ́ tí àwọn adójútòfò fúnra wọn ń sá tọ̀. Africa Re, tí àwọn ìjọba ilẹ̀ Áfíríkà dá sílẹ̀ ní 1976, tó sì fi Èkó ṣe ibùjókòó, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Irú òwò tó ń mú ènìyàn ronú irú ilé-iṣẹ́ yìí wà nílẹ̀ Yewa. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Dangote ní Ibese, tí wọ́n ṣí ní 2012, lágbára láti ṣe mílíọ̀nù 12 tọ́ọ̀nù sìmẹ́ǹtì lọ́dún, tírélà ló sì ń kó o jáde. Ọ̀nà tó gba Ìlaròó àti Òwòdè lọ sí Ìdí-Ìrókò kún fún ọkọ̀ ẹrù tó ń lọ sí Àjàṣẹ́ àti Kútọnu. Ní ìhà Ayétòrò àti Ìmẹ̀kọ, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ẹran ọ̀sìn ni, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń kó owó jọ de ọjọ́ ìṣòro. Ilé-iṣẹ́ ńlá, ẹgbẹ́ onítírélà àti ẹgbẹ́ àgbẹ̀ lè béèrè ìbéèrè kan náà: kí ló dé tí owó wa fi ń lọ sọ́dọ̀ ará ìta? Ìbéèrè tó dára ni. Ohun tí wọn kì í sábà béèrè ni bí ọmọ tí wọ́n bí náà ṣe lè kú, àti ẹni tí ikú rẹ̀ yóò dùn jù.

Orúkọ Frederic Reiss ni ìtàn òwò yìí máa ń kọ́kọ́ dá. Láàárín àwọn ọdún 1950 ló ń bá ilé-iṣẹ́ irin Youngstown Sheet and Tube ní ìpínlẹ̀ Ohio ṣiṣẹ́, ó sì dábàá pé kí wọ́n ní adójútòfò tiwọn. Ní 1962 ó kó iṣẹ́ náà lọ sí Bermuda, níbi tí òfin ti fúyẹ́, tí owó-orí sì kéré. Ìpínlẹ̀ Vermont ní Amẹ́ríkà ṣe òfin tirẹ̀ ní 1981. Ní Áfíríkà, Mauritius ṣòfin fún wọn ní 2015. Àwọn ilé-iṣẹ́ epo gba ọ̀nà mìíràn. Lẹ́yìn tí epo dà sínú òkun ní Santa Barbara ní 1969, tí àwọn adójútòfò ọjà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, wọ́n para pọ̀ dá Oil Insurance Limited sílẹ̀ ní Bermuda. Ó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1972, kò sì tíì parẹ́. Àpapọ̀ oníṣòwò tó mọ ewu ara wọn, tí ìkankan nínú wọn kò lè dá pàṣẹ, ló gbé e ró, kókó yìí yóò sì tún jẹ yọ nísàlẹ̀.

Ìdààmú owó ni ipò tí ilé-iṣẹ́ bá ara rẹ̀ nígbà tí ohun tó ní kò tó ohun tó jẹ, tàbí tí ohun tó ní tó, ṣùgbọ́n tí kò sí owó lọ́wọ́ láti san án lọ́jọ́ tí sísan pé. Méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ilé-iṣẹ́ lè ní ilẹ̀ tó tó bílíọ̀nù náírà ní Ìlaròó, kó sì máa sá fún ẹni tó fẹ́ gba mílíọ̀nù mẹ́wàá. Ilé-iṣẹ́ mìíràn lè máa sanwó déédéé lónìí nígbà tí òfò tí kò tíì fara hàn ti ń jẹ ìdí rẹ̀. Èkejì yìí léwu jù, nítorí kò sí ariwo níbẹ̀.

Nínú adójútòfò ọjà, ẹni tó ni ilé-iṣẹ́, ẹni tó ń darí rẹ̀ àti ẹni tó ń ra ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ yàtọ̀ síra, oníkálukú sì ń ṣọ́ èkejì. Bí owó ìdójútòfò bá wọ́n jù, oníbàárà yóò kígbe. Bó bá kéré jù, onípìn-ín yóò kígbe. Nínú adójútòfò tara-ẹni, ẹnì kan náà ló jókòó sórí àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, nínú ọ̀pọ̀ ibi tí irú ilé-iṣẹ́ yìí ti dààmú, ọ́fíìsì ìyá ilé-iṣẹ́, ìyẹn ẹni tó dá a sílẹ̀, ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kó tó di pé iná tàbí omíyalé dé.

Iye owó ìdójútòfò ni ìyá máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Bí ọdún bá le, ọ̀gá àgbà ìyá ilé-iṣẹ́ lè ní kí ọmọ dín owó kù, kí ìwé ìṣirò ìyá lè dára lójú àwọn onípìn-ín. Ìwé ìyá á dára lóòótọ́. Ewu kò dín kù ní tirẹ̀. Ọdún méjì tàbí mẹ́ta irú ẹ̀dínwó bẹ́ẹ̀ ti tó láti gbẹ àpò ọmọ náà. Bákan náà ni ìyá tó ń jẹ owó ìdójútòfò ní gbèsè, tó ń sọ pé òun yóò san án lóṣù tó ń bọ̀. Nàìjíríà mọ àrùn yìí dáadáa: gbèsè owó ìdójútòfò gogò débi pé láti January 2013 ni àjọ NAICOM, tó ń mójú tó òwò yìí láti 1997, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin pé ẹni tí kò bá sanwó kò ní ààbò. Ní Benin àti Togo, òfin CIMA tó so orílẹ̀-èdè mẹ́rìnlá bí wọn pọ̀ ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti 2011. Ó rọrùn láti lo òfin náà fún àjèjì. Bí ìyá bá jẹ ọmọ ní gbèsè, ta ni yóò kọ̀wé sí i pé ààbò rẹ̀ ti dópin?

Èyí tó burú jù ni kí ìyá yá owó ọmọ padà. Lójú ìṣirò kò sí ohun tó bàjẹ́: ọmọ ní owó, ìyá nílò owó, èlé yóò sì máa wọlé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé dúkìá ọmọ ti di ìwé ìlérí ìyá. Lọ́jọ́ tí iná bá jó ilé ìyá, òwò ìyá dúró, owó rẹ̀ há, ọjọ́ yẹn kan náà sì ni ọmọ nílò owó láti san owó gbà-máà-bínú. Ẹni tó yẹ kó gbani ń wá ẹni tí yóò gba òun. Alájọ tó bá yá gbogbo owó àjọ fún ọmọ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo kì í rí nǹkan kó fún àwọn yòókù lọ́jọ́ ìkówó, bó ti wù kí ọmọ ẹgbẹ́ náà lówó tó. Bí a bá ní kí a yan òfin kan ṣoṣo fún gbogbo adójútòfò tara-ẹni, òfin tó dín irú ẹ̀yáwó yìí kù sí ìwọ̀nba kékeré ni ó yẹ kó jẹ́.

Ewu tó ṣù jọ síbì kan náà tún wà. Adójútòfò ọjà ń gba owó lọ́wọ́ ilé ìwòsàn, lọ́wọ́ onílé, lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú omi, débi pé bí apá kan bá dún, apá kejì á gbé e. Adójútòfò tara-ẹni kò ní apá kejì. Ìtàn ẹnubodè Yewa fi èyí hàn kedere. Ní August 2019 ìjọba àpapọ̀ ti àwọn bodè orí ilẹ̀. Sẹ̀mẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ní December 2020, ṣùgbọ́n Ìdí-Ìrókò kò ṣí títí di April 2022, ó ju ọdún méjì àbọ̀ lọ. Ká ní ẹgbẹ́ onítírélà kan tó gbára lé bodè náà nìkan ní adójútòfò tirẹ̀ nígbà yẹn, owó tó ń wọlé ìbá ti gbẹ. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ tó dúró sójú kan kì í gbá ènìyàn, nítorí náà òfò tuntun náà ìbá ti dín kù. Ṣùgbọ́n owó òṣìṣẹ́, owó ayẹ̀wé-owó-wò àti owó ìwé àṣẹ kì í dúró de bodè, bẹ́ẹ̀ ni ẹjọ́ ìjàǹbá ọdún 2017 tó wà ní kóòtù kò ní sọ pé bodè tì.

Ìṣirò kékeré kan yóò fi bí àpò irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe tín-ín-rín tó hàn. Láti January 2023, owó ìdójútòfò ẹnikẹ́ta fún ọkọ̀ ẹrù ńlá jẹ́ ₦100,000 lọ́dún, gbèdéke owó tí adójútòfò yóò san lórí dúkìá ẹlòmíràn tó bàjẹ́ sì jẹ́ mílíọ̀nù márùn-ún náírà. Bí tírélà 200 bá san owó náà pé, mílíọ̀nù 20 ló wọlé. Ìjàǹbá mẹ́rin tó bá dé gbèdéke ti kó gbogbo rẹ̀ tán, a kò sì tíì dárúkọ ẹni tó kú tàbí ẹni tó fara pa, tí òfin kò fi irú gbèdéke bẹ́ẹ̀ sí tiwọn. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Pápáláńtò sí Ìlaròó mọ̀ pé ìjàǹbá mẹ́rin láàárín ọdún kan kì í ṣe ohun ìyanu.

Náírà pẹ̀lú ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kí ìjọba tó tú iye pàṣípààrọ̀ owó sílẹ̀ ní June 2023, dọ́là kan kò tíì tó ₦500 ní ọjà ìjọba. Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Adójútòfò tó gba owó ní náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, tó sì ní láti ra ẹ̀yà ẹ̀rọ láti Jámánì tàbí Ṣáínà lọ́dún tó tẹ̀lé e, rí i pé owó tó kó jọ kò tó ìdá mẹ́ta ohun tó fẹ́ rà. Owó adójútòfò àgbà tí wọ́n ń san ní dọ́là gùn òkè bákan náà. Ilé-iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ ń ta ọjà sí òkèèrè lè rí dọ́là fi dí i. Èyí tí ìyá rẹ̀ ń ta sìmẹ́ǹtì tàbí gàrí ní náírà kò ní ibi tí yóò sá sí.

Òfò tó ń pẹ́ kó tó fara hàn ló pa ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tí ìtàn rẹ̀ yẹ ní àkàsọ́gbọ́n. Reciprocal of America, ní ìpínlẹ̀ Virginia, jẹ́ ti àwọn ilé ìwòsàn, dókítà àti agbẹjọ́rò tó ń fi ọwọ́ ara wọn dójútòfò ẹjọ́ àṣìṣe iṣẹ́. Ẹjọ́ irú bẹ́ẹ̀ lè tó ọdún mẹ́wàá kó tó dé kóòtù. Owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ dè é kéré ju ohun tó ń bọ̀ lọ, àwọn kan nínú àwọn tó ń darí rẹ̀ sì ń fi àdéhùn ìkọ̀kọ̀ pẹ̀lú adójútòfò àgbà kan ní Bermuda bo ihò náà. Ní January 2003 ìjọba Virginia gba ilé-iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ẹgbẹ́ adójútòfò mẹ́ta ní Tennessee tó so mọ́ ọn bá a ṣubú lọ́dún kan náà. Dókítà tó rò pé òun ní ààbò láti ọdún pípẹ́ wá rí i pé òun ni yóò sanwó ẹjọ́ lápò ara òun.

Ibòmíràn tí ìdààmú ti ń wá ni ilé-iṣẹ́ ayánilórúkọ. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, adójútòfò tara-ẹni kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé ìdójútòfò tí òfin sọ di dandan, irú èyí tí ọlọ́pàá ń béèrè lójú títì. Adójútòfò ọjà tó ní ìwé àṣẹ ló ń kọ ìwé náà ní orúkọ tirẹ̀, tó sì ń fi ewu náà ránṣẹ́ sí adójútòfò tara-ẹni lẹ́yìn. Ó ń gba owó iṣẹ́, ó sì ń béèrè onígbọ̀wọ́: owó nílẹ̀, tàbí ìwé bánkì tó sọ pé bánkì yóò san bí ọmọ kò bá lè san. Legion Insurance, tó jẹ́ ti Mutual Risk Management ní Bermuda, kó irú iṣẹ́ yìí jọ lọ́pọ̀ yanturu. Nígbà tí àwọn adójútòfò àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra láti sanwó, ìjọba Pennsylvania gbà á ní 2002, wọ́n sì pàṣẹ ní 2003 pé kí wọ́n pa á rẹ́. Ogún ọdún lẹ́yìn náà ni ti Vesttoo, ilé-iṣẹ́ Ísírẹ́lì tó ń wá onígbọ̀wọ́ fún irú òwò bẹ́ẹ̀: ní 2023 ó hàn pé ayédèrú ni ọ̀pọ̀ ìwé bánkì tó gbé kalẹ̀. Àwọn adójútòfò tó ti fi ọkàn tán ìwé náà ń wá owó kiri. Ẹni tó bá gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ bi bánkì náà fúnra rẹ̀ léèrè kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́.

Ìdènà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ìdásílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ epo BP ní adójútòfò tara-ẹni kan tó ń jẹ́ Jupiter. Nígbà tí ẹ̀rọ ìwa-epo Deepwater Horizon bú gbàmù ní April 2010, tí epo sì dà sínú òkun Mexico fún oṣù mẹ́ta, ohun tó jẹ BP lówó lápapọ̀ ju bílíọ̀nù 60 dọ́là lọ. Jupiter kò kú. Ìwé àdéhùn rẹ̀ ti sọ tẹ́lẹ̀ pé iye tó pọ̀ jù tí òun lè san lórí ìṣẹ̀lẹ̀ kan jẹ́ mílíọ̀nù 700 dọ́là, ìyá sì ni yóò gbé ìyókù. Gbèdéke tí a kọ sílẹ̀ kedere, tí a sì ṣe nígbà tí ọkàn balẹ̀, ló yọ ọ́. Adójútòfò tara-ẹni tí kò bá ní gbèdéke lórí ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti lórí gbogbo ọdún kàn ń ṣe ìlérí tí owó rẹ̀ kò tó ni.

Lẹ́yìn gbèdéke, iye owó ìdójútòfò ló kàn. Onímọ̀ ìṣirò òfò tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìyá ló yẹ kó fi lélẹ̀, kí ọ̀gá ìyá má sì lè yí i padà láìkọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé ìpàdé. Onímọ̀ yìí kan náà ni yóò ṣírò owó tí a ní láti yà sọ́tọ̀ fún òfò tó ti ṣẹlẹ̀ tí a kò tíì gbọ́. Nínú ìgbìmọ̀ olùdarí, ó kéré tán kí ẹni méjì wà tí wọn kò jẹun lábẹ́ ìyá. Iṣẹ́ wọn ni láti sọ pé rárá. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀ ìpàdé kan tí wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún, a jẹ́ pé orúkọ lásán ni wọ́n.

Ibi tí a kó owó sí ṣe pàtàkì ju bí àwọn olùdarí ṣe sábà rò ó lọ. Òfin ìdójútòfò Nàìjíríà ti 2003, tó wà títí òfin tuntun fi rọ́pò rẹ̀ ní 2025, kò gbà kí adójútòfò tí kì í ṣe ti ẹ̀mí ènìyàn fi ju ìdá mẹ́rin dúkìá rẹ̀ sórí ilẹ̀ àti ilé. Ó tún béèrè pé kí ohun tó ní fi ju ohun tó jẹ lọ ní ìwọ̀n tó kéré tán tó ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìdójútòfò tó wọlé lẹ́yìn tó ti yọ ti adójútòfò àgbà, tàbí iye owó ìpìlẹ̀ tí òfin là kalẹ̀, èyíkéyìí tó bá pọ̀ jù. Yorùbá fẹ́ràn ilẹ̀, ó sì yẹ ní fífẹ́ràn, ṣùgbọ́n a kì í gé ilẹ̀ lékìrí fún ẹni tó wá gba owó gbà-máà-bínú lọ́jọ́ Monday. Ìwé gbèsè ìjọba tó ń pé láàárín oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà ni ó yẹ kó pọ̀ jù nínú àpò adójútòfò tara-ẹni, kí díẹ̀ sì wà ní dọ́là bí òfò rẹ̀ bá ń béèrè dọ́là.

Àmì ìdààmú kì í farasin fún ẹni tó bá ń wò. Owó tí ìyá jẹ ń pọ̀ sí i ní ìparí ọdún. Ọjọ́ tí ó ń gbà láti san owó gbà-máà-bínú ń gùn. Ìwé ìṣirò ọdọọdún ń pẹ́ kó tó jáde, tàbí ayẹ̀wé-owó-wò yí padà lójijì. Owó tí a yà sọ́tọ̀ fún òfò ọdún àtijọ́ ní láti máa gùn òkè lọ́dọọdún, èyí tó fi hàn pé ìṣirò àkọ́kọ́ kò tọ́. Adójútòfò àgbà ń gbówó lé, tàbí ó ń kọ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ká fi etí sí jù, torí pé àjèjì ni, kò sì ní ìdí láti parọ́ fún ìyá.

Bí ìdààmú bá ti dé, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí a gbà pé ó ti dé. Ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ló ń fi ọdún kan gbáko retí pé ọdún tó ń bọ̀ yóò tutù. Láàárín ìgbà náà wọ́n ń gba ewu tuntun kí wọ́n lè rí owó san gbèsè àtijọ́, ihò náà sì ń jìn sí i. Ohun tó tọ́ ni kí wọ́n dá gbígba ewu tuntun dúró, tàbí kí wọ́n dín in kù gidigidi, kí onímọ̀ ìṣirò láti ìta sì ka gbogbo gbèsè láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè yóò dé ọ̀dọ̀ ìyá: ṣé yóò fi owó kún un, tàbí kò ní fi kún un? Lẹ́tà ìlérí kò tó. Owó nílẹ̀ ni, tàbí ìwé bánkì tí a ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lọ́dọ̀ bánkì náà fúnra rẹ̀. Bí ìyá bá jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀, sísan gbèsè yẹn ni ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́, a kò sì gbọ́dọ̀ kà á sí ìtọrẹ.

Bí ìyá kò bá lè fi owó kún un, ó kù kí ilé-iṣẹ́ náà pa òwò dé wọ́ọ́rọ́wọ́: kò gba ewu mọ́, ó ń san èyí tó ti gbà títí yóò fi tán. Èyí lè gba ọdún mẹ́wàá bí ẹjọ́ bá pọ̀, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Adójútòfò tara-ẹni púpọ̀ ní Bermuda àti Vermont ló ti parí iṣẹ́ wọn lọ́nà yìí láìsí ẹni tó pàdánù kọ́bọ̀. Ó tún lè bá adójútòfò àgbà tàbí ayánilórúkọ rẹ̀ fẹnu kò, kí wọ́n gba iye kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí gbèsè sì parí, tàbí kó gbé gbogbo ìwé rẹ̀ fún adójútòfò mìíràn tó lágbára, pẹ̀lú owó tó yẹ, lábẹ́ ojú àjọ tó ń ṣàkóso. Nínú gbogbo rẹ̀, ẹni tí kì í ṣe ẹbí ni kó kọ́kọ́ gba owó: ẹni tí tírélà gbá, onílé tí ògiri rẹ̀ wó. Ìyá ni kó gbẹ̀yìn. Kò sí ohun tó ń ba orúkọ irú ilé-iṣẹ́ yìí jẹ́ tó pé kí ìyá kó owó tirẹ̀ jáde lóṣù tó ṣáájú ìwólulẹ̀.

Bí gbogbo èyí bá kùnà, ìjọba ló kàn. Ní June 2022, NAICOM gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Niger Insurance àti Standard Alliance Insurance, ó sì yan ẹni tí yóò kó dúkìá wọn jọ láti pín. Adójútòfò ọjà ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ohun tí ojú àwọn oníwèé wọn rí kan adójútòfò tara-ẹni pẹ̀lú: ẹni tó ti ń retí owó gbà-máà-bínú di ẹni tó ń kọ ìwé ẹ̀tọ́ sí olùpín dúkìá. Òfin àtúnṣe òwò ìdójútòfò tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní 2025 gbé owó ìpìlẹ̀ ga sí bílíọ̀nù 15 náírà fún adójútòfò tí kì í ṣe ti ẹ̀mí, bílíọ̀nù 10 fún ti ẹ̀mí, bílíọ̀nù 35 fún adójútòfò àgbà, ó sì dá àpò kan sílẹ̀ láti dáàbò bo àwọn tó ní ìwé lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó bá wó. Bílíọ̀nù mẹ́ta péré ni ti ẹni tí kì í ṣe ti ẹ̀mí tẹ́lẹ̀. Lódìkejì bodè, bílíọ̀nù márùn-ún sẹ́ẹ̀fà ni CIMA ń béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ onípìn-ín. Tírélà tó bá kọjá láti Ìdí-Ìrókò sí Igolo tún gbọ́dọ̀ ní káàdì ECOWAS aláwọ̀ ilẹ̀, tí àdéhùn 1982 ní Kútọnu dá sílẹ̀, adójútòfò tó wà nínú ètò náà nìkan ló sì lè fún un ní i. Adójútòfò tara-ẹni tó dá dúró nílẹ̀ Yewa kò lè dá ṣe é.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ilé-iṣẹ́ tó tóbi bí èyí tó wà ní Ibese yàtọ̀ sí ohun tó túmọ̀ sí fún ẹgbẹ́ onítírélà tàbí ẹgbẹ́ àgbẹ̀. Ẹni tó ní bílíọ̀nù lè dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, kó sì gbé òfin ẹ̀yáwó àti gbèdéke kalẹ̀ bí a ti sọ. Ẹgbẹ́ kékeré kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé àṣẹ. Ohun tó bá agbára rẹ̀ mu ni kó ra ìdójútòfò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ọjà fún òfò ńlá, kó sì fi àpò ẹgbẹ́ gbé òfò kéékèèké fúnra rẹ̀ títí dé iye kan tí a kọ sílẹ̀. Àpò náà gbọ́dọ̀ wà ní bánkì lọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ má lè yá nínú rẹ̀, alága pẹ̀lú, kí ayẹ̀wé-owó-wò láti ìta sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Fún àgbẹ̀, NAIC, àjọ ìdójútòfò iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ gbé dìde ní 1987, ti wà, ìjọba sì ń san ìdajì owó ìdójútòfò lórí àwọn irè oko tó wà lábẹ́ ètò ìrànwọ́. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kọjá ìyẹn lè wo ìlànà ìdójútòfò kéékèèké ti NAICOM ọdún 2018, tó fi owó ìpìlẹ̀ ẹni tó fẹ́ ṣe é ní àdúgbò kan ṣoṣo sí mílíọ̀nù 40 náírà. Ẹgbẹ́ tí kò bá tíì fi ọdún márùn-ún tọ́jú àpò òfò kéékèèké láìsí ẹni tó yá nínú rẹ̀ kò tíì tó ẹni tó ń dá adójútòfò sílẹ̀.